Ǹjẹ́ Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lè Dá Iyè Àgbà Padà?

Ìyá kan wà ní ọjà ìlú wa tí ń ta aṣọ. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ péye ju ìwé ìṣirò lọ. Bí ó bá ta àwìn fún ogójì ènìyàn, ó mọ iye tí olúkúlùkù jẹ, ó mọ irú aṣọ tí ó gbé, ó mọ ọjọ́ tí ó gbé e, ó sì mọ ẹ̀bẹ̀ tí ó bẹ̀ kí òun tó fún un. Àwa tíṣà tí a máa ń san owó aṣọ díẹ̀díẹ̀ ní òpin oṣù mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè rẹ́ ẹ jẹ. Èmi pàápàá bá a jiyàn nígbà kan lórí owó aṣọ Kérésìmesì. Nígbà tí mo délé tí mo wo ìwé tí mo kọ ọ́ sí, òun ni ó jàre.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìyá sin owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ti san gbèsè rẹ̀ tán. Ó ta aṣọ kan ṣoṣo fún ènìyàn méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sí ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí kò rántí ọ̀nà ilé tí ó ti ń rìn fún ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn èyí ni owó ìtajà odindi ọ̀sẹ̀ kan di àwátì. Ìyá figbe ta pé wọ́n ti ja òun lólè. Ọmọdébìnrin tí ń bá a tajà ni wọ́n gbá mú. Wọ́n gbá a létí, wọ́n tú ẹrù rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n lé e padà sí abúlé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ olè. Ní oṣù kejì, nígbà tí wọ́n ń tú ìdì aṣọ kan, owó náà jábọ́ láti inú rẹ̀. Inú ọ̀rá tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì ni ó wà.

Ẹ mọ ẹnu ọjà. Àwọn kan ní orogún ìyá ni ó ru iyè rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìyá fúnra rẹ̀ ni ó ti ń ṣe ayé, pé ó kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ àìsàn.

Àkọ́bí ìyá, ọkùnrin kan tí ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan. Ó mú páálí oògùn kan jáde láti inú àpò.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí.”

“Ẹ̀gbọ́n, oògùn kí ni?”

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹni tí ó tà á fún mi ní àwọn òyìnbó ti dán an wò, pé ó ń jẹ́ kí iyè àwọn arúgbó padà bọ̀ sípò. Ẹ bá mi wádìí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, alẹ́ òní ni ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.”

“Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lára ìyá?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ó tó ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n ní ó ga nígbà náà. Wọ́n fún ìyá ní oògùn, ó lò ó fún oṣù kan, ara rẹ̀ yá, ó sì pa á tì.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi oògùn náà pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo lè kàwé, mo sì mọ dókítà kan tí kì í kọ ìbéèrè. Mo ka ohun tí àwọn tí ó ṣe ìdánwò wọ̀nyí kọ, mo sì mú ohun tí kò yé mi tọ dókítà náà lọ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí mo mọ̀ pé ìyá tiwa nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí.

OHUN TÍ Ẹ̀JẸ̀ RÍRU Ń ṢE NÍNÚ ỌPỌLỌ

Ọpọlọ ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri ara. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ dàbí páìpù omi ẹ̀rọ. Àwọn ńlá wà, àwọn kéékèèké tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ sì wà.

Bí omi bá ń fi agbára tí ó pọ̀ jù sáré nínú páìpù lọ́sàn-án lóru, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ibì kan lè bẹ́. Bí iṣan ńlá bá bẹ́ tàbí tí ó dí nínú ọpọlọ, gbogbo ilé ni yóò mọ̀, nítorí rọpárọsẹ̀ ni yóò yọrí sí. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan kéékèèké a máa nípọn, wọn a máa le, ojú ọ̀nà inú wọn a sì máa há. Bí ọ̀kan bá dí, ibi tí ó kú kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Orí kò fọ́ ènìyàn, apá kò rọ. Lọ́dún tí ń bọ̀ òmíràn tún lè dí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ogún ọdún, ẹni tí kò ṣàìsàn rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ ọmọ rẹ̀ tì.

Kì í ṣe èyí nìkan ni ó ń ra iyè. Àrùn kan wà tí a ń pè ní Alzheimer, tí a fi orúkọ dókítà ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ pè é. Nínú àrùn yìí, ìdọ̀tí kan ń kó jọ sínú ọpọlọ, ó sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn ohun tí ń mú àgbà ṣarán. Ṣùgbọ́n nínú orí ọ̀pọ̀ arúgbó, àrùn méjèèjì ni ó jọ ń gbé pọ̀, tí èyí ń ran èyí lọ́wọ́.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ÌBÀDÀN

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun jẹ́ àgbà láàrin wọn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní àdúgbò Idikan ní ìlú Ìbàdàn. Wọ́n ń lọ láti agboolé dé agboolé. Wọ́n bi 2,494 àgbà tí ọjọ́ orí wọn tó 65 sókè léèrè ọ̀rọ̀, ní èdè Yorùbá, láti mọ bí iyè wọn ti rí. Àwọn kan náà ṣe irú ìwádìí yìí láàrin àwọn ènìyàn dúdú tí ń gbé ní ìlú Indianapolis.

Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 2001, ó ya ayé lẹ́nu. Láàrin àwọn ará Ìbàdàn, ẹni tí àìsàn ìṣarán ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lọ́dún kan jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàrin àwọn ará Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Tiwa kéré ju tiwọn lọ dáadáa. Inú wa lè dùn sí èyí, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí síwájú sí i nípa ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn àgbà Ìbàdàn wọ̀nyí, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Nínú 1,753 ènìyàn tí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, iyè 120 rà láàrin ọdún tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Nínú àwọn 120 yìí, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tí iyè wọn pé, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àlàfo náà kò fẹ̀ bí òkun, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ tún wo òmíràn níbẹ̀: nínú àwọn tí ara wọn le pàápàá, ó ju ìdajì lọ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí a bá pe ọgọ́rùn-ún ìyá àgbà jọ ní ọjà wa lónìí, mélòó ni yóò sọ pé òun mọ̀ bóyá òun ní i?

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÁN OÒGÙN WÒ

Pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ẹni tí ó ń ṣarán kò tíì fi hàn pé oògùn rẹ̀ yóò gbà á. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó lè ní agboòrùn, agboòrùn kọ́ ni ó jó ilé. Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń dán an wò.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Wọn yóò pe àwọn tí ó fẹ́, wọn yóò ṣàlàyé fún wọn, ẹni tí ó bá gbà yóò fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn náà wọn yóò ṣẹ́ gègé láti pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí dókítà má baà kó àwọn alágbára sí apá kan. Apá kìn-ín-ní yóò máa lo oògùn. Apá kejì yóò máa lo hóró kan tí ó jọ ọ́, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, ẹni tí ń bi í ní ìbéèrè náà kò sì mọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọn yóò tú àṣírí, tí wọn yóò ka iye tí iyè wọn rà ní apá méjèèjì. Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ rí i pé ó dà bí ìdánwò tí a bo orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́lẹ̀ kí ẹni tí ń fún un ní máàkì má baà ṣe ojúsàájú.

Ní ọdún 1998 ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kan jáde láti ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n pè ní Syst-Eur. Àwọn ẹni ọgọ́ta ọdún sókè tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ṣùgbọ́n tí iyè wọn ṣì pé, ni wọ́n kó jọ, àwọn 2,418. Oògùn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún apá kan ń jẹ́ nitrendipine. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, ẹni 21 ni iyè wọn ti rà nínú àwọn tí kò rí oògùn gidi. Nínú àwọn tí ó lo oògùn, 11 ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì dín. Iye ènìyàn náà kéré, ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn dókítà gbé ojú sókè.

Wọ́n wá ronú pé: bí ó bá lè ṣe báyìí fún ẹni tí ara rẹ̀ pé, ṣé kò ní lè wo ẹni tí ó ti ń ṣarán? Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa gan-an nìyí. Dókítà Brian Lawlor ti ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 9 kó 511 ènìyàn jọ tí àrùn Alzheimer ti mú, ṣùgbọ́n tí kò tíì wọ̀ wọ́n lára jù. Wọ́n fún apá kan ní nilvadipine, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá nitrendipine tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi lò ó. Àbọ̀ jáde ní 2018. Oògùn náà mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyè àwọn tí ó lò ó ń lọ sílẹ̀ bákan náà pẹ̀lú iyè àwọn tí kò lò ó.

Àwọn ará Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì sú. Wọ́n mú losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn tí ó wọ́pọ̀ ní ilé kẹ́mísìtì wa níhìn-ín, wọ́n fi dán ènìyàn 211 tí ó ní Alzheimer wò fún ọdún kan gbáko. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí wọ́n parí, láti mọ bí ó ti ń sún kì tó. Ní 2021 wọ́n sọ àbọ̀: oògùn kò dá a dúró.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Oògùn tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni. A fún ẹni tí iyè rẹ̀ pé, iye tí iyè wọn rà dín kù. A fún ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń lọ, kò dá nǹkan kan padà. Omi tí ó bá ti dà sílẹ̀ kò ṣeé kó mọ́. Ibi tí ó ti kú nínú ọpọlọ kò sí hóró oògùn tí yóò jí i. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, a lè dì í mú kí ó má baà yí.

ÌDÁNWÒ ŃLÁ MÉJÌ

Ìdánwò méjì tí ó tóbi fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ sí i. Ìkíní ni ti Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, tí wọ́n ń pè ní SPRINT. Ẹni 9,361 ni, àádọ́ta ọdún sókè, tí gbogbo wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò sì sí ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí láàrin wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó ń lo oògùn. Fún apá kan, wọ́n ń wá bí iye tí ó wà lókè nínú nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe wà lábẹ́ 140. Fún apá kejì, wọ́n fẹ́ kí ó wà lábẹ́ 120. Ní 2015 wọ́n dá a dúró kí ọjọ́ tó pé, nítorí àìsàn ọkàn àti ikú ti dín kù púpọ̀ ní apá kejì, kò sì yẹ kí wọ́n fi í du àwọn yòókù.

Wọ́n ń bá yíyẹ iyè wọn wò lọ, wọ́n sì sọ àbọ̀ ní 2019. Ìṣarán gidi mú 176 ní apá 140, ó mú 149 ní apá 120. Àwọn tí ó ṣe ìdánwò náà kò fi èyí yangàn. Wọ́n ní àlàfo náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè jẹ́ orí ire lásán. Ṣùgbọ́n irú ìgbàgbé kan wà tí ó ju ti ọjọ́ orí lọ, tí kò tíì di ìṣarán, tí a lè pè ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èyí mú 353 ní apá kan, ó mú 287 ní apá kejì. Èyí kì í ṣe orí ire. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn tí wọ́n fi oògùn lé ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ gan-an rí ìyọnu díẹ̀: òòyì àti dídákú pọ̀ láàrin wọn, kíndìnrín àwọn mìíràn sì ní ìfarapa.

Ìkejì ni ti ilẹ̀ Ṣáínà, òun ni ó sì wù mí jù, nítorí abúlé ni wọ́n ti ṣe é. Abúlé 326 ni, ènìyàn 33,995, ogójì ọdún sókè, tí gbogbo wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ìdajì àwọn abúlé náà, àwọn olùtọ́jú aláìsàn ti abúlé, tí wọn kì í ṣe dókítà ńlá, ni wọ́n kọ́ láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, láti máa fún àwọn ènìyàn ní oògùn tí owó rẹ̀ kò wọ́n, àti láti máa rọ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe dá a dúró. Àwọn dókítà ń ṣọ́ wọn láti ẹ̀yìn. Ní àwọn abúlé yòókù, bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni ó ń lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àbọ̀ tí ó jáde ní 2025 ni pé níbi tí ìṣarán ìbá ti mú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí 85 ni ó mú ní àwọn abúlé tí a tọ́jú. Wọn kò lo oògùn àràmàǹdà kankan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n fún ènìyàn ní oògùn, wọ́n sì tẹra mọ́ ọn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ONÍLÉ ÀTI ÀLEJÒ

Dókítà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ fún yín.

Èkíní, ẹni tí ó bá ti pé ogójì ọdún kí ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí ó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná, kí ó má ṣe ti orí ẹrù wọlé kí ó na apá. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe dúró de orí fífọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ orí ẹnikẹ́ni.

Èkejì, ẹni tí a bá fún ní oògùn kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá. Oògùn náà ni ó jẹ́ kí ara yá. Bí ó bá ń fún un ní ìyọnu, tàbí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó padà sọ fún ẹni tí ó kọ ọ́. Òmíràn wà tí a lè fi rọ́pò.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fún arúgbó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ tí kò ga bá tún lọ sílẹ̀, òòyì yóò kọ́ ọ, yóò ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ lè ṣẹ́. Kí a má ṣe torí ìgbàgbé sọ àgbà di arọ.

Ẹ̀kẹrin, gbogbo ìgbàgbé kọ́ ni ìṣarán. Àìsùn, ìbànújẹ́ ọkàn, ọtí, etí dídi, àìjẹun dáadáa, àti oògùn oorun tí a ń rà kiri lè ra iyè, dókítà sì lè tún púpọ̀ nínú wọn ṣe. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ẹ tó gbé e lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀, ẹ máa rìn, ẹ sì yé mu sìgá.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ WA DÉ

Ní ọjọ́ kẹta mo jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n wa. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, oògùn yín kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe kọ́ ni ó ń ṣe. Kò lè dá iyè ìyá padà.” Ojú rẹ̀ fà ro. Mo ní kí a jọ gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn síbẹ̀, a sì lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 184 lórí 102. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì sọ òtítọ́ fún wa láìfi iyọ̀ sí i. Ó ní oògùn yìí kì í ṣe fún èyí tí ó ti lọ. Ó ní ó wà kí rọpárọsẹ̀ má baà kún un, àti kí èyí tí ó kù lè pẹ́ díẹ̀ sí i.

Àbúrò ẹ̀gbọ́n wa obìnrin bá wa lọ. Ẹni ọdún 43 ni, òun ni ó wà ní ìsọ̀ ìyá báyìí. Nọ́ọ̀sì ní kí òun náà na apá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tí ń ṣe òun. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ 162 lórí 100. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Lójú tèmi, òun gan-an ni ìdánwò gbogbo tí mo kà wọ̀nyí wà fún. Ó ti ń lo oògùn láti ọjọ́ náà, kò sì tíì fo ọjọ́ kan.

Nǹkan kan kù. Àwọn ọmọ ìyá lọ sí abúlé láti bẹ ọmọdébìnrin tí wọ́n lé. Wọ́n mú ìyá dání, wọ́n sì ní kí n bá wọn lọ. Wọ́n bẹ bàbá rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, wọ́n san owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ náà kì í ṣe olè. Ọmọ náà dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní òun kò padà sí ọjà mọ́, òun ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tí ìyá rí i, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó dì mọ́ ọn, ó pe oríkì rẹ̀, ó sì bi í pé, “Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o kò wá sí ọjà láti àná?” Ọmọ náà bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tí ó lè dá ìyá lóhùn nínú wa.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tíṣà, àwìn tí ẹ tà, orúkọ àwọn ọmọ tí ẹ kọ́, ọ̀nà ilé yín, inú orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ẹ bá ka ìwé ìròhìn yìí tán, ẹ má ṣe ká a sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ dìde, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nígbà tí ẹ ṣì rántí ọ̀nà ibẹ̀.